Ẹ Má Fo Ìtàn Inú Páálí Yẹn

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn wa sọ ní Gwarinpa nìyí, àwọn tí gosíló ò jẹ́ kí wọ́n tètè dé ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Páálí gémù ogun orí tábìlì tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, sójà kéékèèké ló máa ń wà nínú ẹ̀, dáìsì, rúlà, ìwé òfin, àti ìwé pẹlẹbẹ kan tó máa sọ fún yín pé àwọn wo ló ń jà, ibo ni wọ́n ti ń jà, kí ni kálukú ń wá. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn làwọn èèyàn máa ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á ní ìtàn ọmọdé ni, wọ́n á to gbogbo sójà kalẹ̀, ó yá, ká pa ara wa tán! Kó tó pẹ́, ẹni tuntun ti ń tẹ fóònù, ẹni tó mọ òfin ló kù tó ń dá sọ̀rọ̀. Haba.

Gémù tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìtàn kọ́ ẹni tuntun ní òfin jù lójú tèmi ni Squad Leader, John Hill ló ṣe é, Avalon Hill gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977. Òfin ẹ̀ pọ̀, àmọ́ wọn ò ní kẹ́ ẹ ka gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣeré, ìjà 12 ló wà nínú ẹ̀, ẹ ka òfin díẹ̀, ẹ ja ìjà kìíní, ẹ padà wá ka díẹ̀ sí i. Stalingrad, ìlú kan ní Rọ́ṣíà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni ìjà kìíní yẹn, àwọn ará Rọ́ṣíà fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ àwọn Jámánì, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń jà, kò sí ọkọ̀ ogun kankan. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ibẹ̀? Ìjà ilé-dé-ilé ò nílò ọkọ̀, torí náà ẹni tó ń ṣeré ò ní mọ̀ ọ́n lára pé òfin ọkọ̀ wà níwájú tóun ò tíì kà. Ìtàn yẹn ló bá a gbé e.

Gémù Warhammer 40,000 náà, ìwé àkọ́kọ́ ẹ̀ tí Games Workshop tẹ̀ nílùú Ọba lọ́dún 1987, inú oko kan ni ìjà tó wà níbẹ̀ ti wáyé, àwọn Space Marine, ìyẹn sójà èèyàn inú òfuurufú, pẹ̀lú àwọn Ork, ẹ̀dá abàmì. Inú oko ni òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nì, H. G. Wells, náà fi ìjà tiẹ̀ sí nínú Little Wars, ìwé òfin gémù ogun tó kọ lọ́dún 1913, Hook's Farm ló pè é, àbí àwọn òyìnbó kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa ba oko olóko jẹ́ ni.

Ohun míì tún ni pé ẹ̀gbẹ́ méjì inú páálí kì í sábà dọ́gba. Tó bá jẹ́ pípa nìkan ni, ẹnì kan á máa ráhùn. Àmọ́ tí ìtàn bá ní ẹ̀yin díẹ̀ yìí, ẹ sáà di ilé yìí mú títí tọ̀túntòsì á fi ṣeré lẹ́ẹ̀márùn-ún, sójà ẹ lè kú tán ku ẹyọ kan kó o sì jẹ.

Bọ̀dá kan bi mí pé ṣé a ò lè fi ogun tiwa ṣe é. A lè ṣe é dáadáa! Ìdérí mínírà gan-an tó sójà, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra páálí olówó dọ́là. Àmọ́ tó bá jẹ́ ogun Kíríjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bára wọn jà, ẹ má fi gbogbo 1877 sí 1893 bẹ̀rẹ̀ o. Àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé gbà láti Èkó, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí látẹ̀yìn, tó ń yára yìn ju ṣakabùlà lọ. Ẹ fi ìrìn àjò ìbọn yẹn ṣe ìjà kìíní, ká ní ẹ̀gbẹ́ kan ń gbé ẹrù gba ọ̀nà Oǹdó, èkejì lúgọ sínú igbó. Ẹni tó ń gbé ẹrù ò nílò kó pa ẹnikẹ́ni, kó sáà kọjá. Òfin ìrìn, òfin ìfarapamọ́, ó tán. Òfin bí ìbọn tuntun ṣe ń yìn, ẹ fi dúró de ìjà kejì, tí ẹrù bá ti gúnlẹ̀.