Ta Ló Mọ Mọ́tò Níbí?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tàbí ẹ kú àárọ̀, ìgbà yòówù kẹ́ ẹ máa gbọ́ mi. Ẹ ti mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe nítòsí Detroit níbí: mò ń ta mọ́tò Amẹ́ríkà alágbára tí wọ́n ń pè ní "muscle", ti àtijọ́ àti tòde òní. Bá a ṣe ń gba mọ́tò lọ́wọ́ olówó rẹ̀, ká bá a tà á, ká yọ tiwa níbẹ̀, mo ti ròyìn ìyẹn títí. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọkùnrin kan ló gbé Dodge Challenger R/T ti 1970 wá. Elése àlùkò, àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Plum Crazy. Mo kọ́kọ́ yí i po ná, mi ò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yìí sọ pé ẹ́ńjìnnì Hemi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ti ń mí kanlẹ̀. Hemi 426 yìí, horsepower 425 ni Chrysler, ilé iṣẹ́ tó ni Dodge, kọ sí ìwé rẹ̀, Challenger tí wọ́n sì fi í sí lọ́dún 1970 kò tó 400. Bó bá jẹ́ ojúlówó, owó ilé ni.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo nọ́ńbà ṣásí lẹ́yìn gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ òsì. JS23N0B, lẹ́yìn náà àwọn nọ́ńbà tó kù. Ipò karùn-ún ni mò ń wò. R ni ti Hemi lọ́dún yẹn. N ló wà níbẹ̀. N, ẹ́ńjìnnì 383 nìyẹn, èyí tó máa ń bá R/T jáde téèyàn ò bá fowó lé e. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Hemi ló jókòó síbẹ̀ lóòótọ́! Ọkùnrin náà ò purọ́. Àmọ́ ẹ rántí báwọn bàbá wa ṣe ń wo ilà ojú èèyàn kí wọ́n tó mọ ilé tó ti jáde? Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ilà tara ẹ́ńjìnnì yìí ò bá tara ọkọ̀ mu. Ibòmíì ni wọ́n ti gbé e wá.

Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wò mí. Ó wo káàdì orúkọ tó wà láyà mi. Ó ní níbo ni mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ló bá kọjú sí ọ́fíìsì, ó gbóhùn sókè: "Ṣé kò sẹ́ni tó mọ mọ́tò níbí ni?"

Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n mu omi.

Kì í ṣe ti "níbo lo ti wá" ló dùn mí o. Àwa náà ń bi ara wa bẹ́ẹ̀; ẹ ò tíì jókòó tán nílé àlejò tí wọ́n á fi ní ọmọ ibo ni yín. Ìkejì ni. Ìka mi ṣì wà lórí gíláàsì, lórí lẹ́tà N yẹn gan-an, ó wá ń béèrè ẹni tó mọ mọ́tò lójú mi kòrókòró.

Ẹ má jẹ́ n bínú. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé "muscle" ni mò ń tà, wọ́n ní, "Háà, Camry! Ọmọ mi, fi ọ̀kan ránṣẹ́, èyí tí ò tíì jìyà." (Ẹ̀rín.) Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Nílé, ta ni ò mọ̀ pé Camry tó tẹ̀ lé Big Daddy ni Muscle? Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Èyí tó o wí yẹn, ṣé ó ní AC?" Mi ò lè dá wọn lóhùn!

Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń wí báyìí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mọ́tò òyìnbó sílẹ̀ fún òyìnbó. Ogún bàbá wọn ni. Kí ló kàn yín?"

Ṣé ó kàn mí? Ẹ padà síbi nọ́ńbà yẹn. B tó kẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ó ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe mọ́tò náà: B ni Hamtramck, ìlú kékeré tí Detroit yí ká, níbi tí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Dodge Main wà kí wọ́n tó tì í ní 1980. Ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí ìdílé wọn ti Alabama, Georgia, Mississippi wá wáṣẹ́. Iṣẹ́ tó gbóná jù, tó sì ń ba ara jẹ́ jù, àwọn ni wọ́n ń kó o fún. Àwọn ọ̀gá tó ń dúró tì wọ́n, òyìnbó ló pọ̀ jù. Ní May 1968, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ torí bí wọ́n ṣe ń mú ẹ̀rọ yára sí i lórí wọn. Wọ́n lé àwọn kan, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ General Baker wà lára wọn. Látinú ìyẹn ni DRUM, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ilé iṣẹ́ náà, ti dìde. Nígbà tó máa fi di 1970, inú ilé yẹn kan náà ni wọ́n ti ń to Challenger jọ. Ogún bàbá ta wá ni? Ẹ dáhùn. Mo ń dúró.

Mi ò tíì ṣe tán! Challenger tòde òní ńkọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tí wọ́n dá dúró ní December 2023? Brampton ni, ní Kánádà! (Ẹ̀rín.) Demon 170, horsepower 1,025, Kánádà ni wọ́n ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi òun níbo ló ti wá. Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni wọ́n ń pè é.

Ẹ ní ó ń mu epo. Ó ń mu ún, mi ò bá yín jà. Òfin èéfín, owó ìńṣọ́ránsì, epo tó wọ́n ní 1973, àwọn ló mú kí wọ́n dẹ́kun ṣíṣe ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn jù sẹ́yìn.

Ọ̀gá mi jáde. Òyìnbó ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo nọ́ńbà, ó ní, "N ni." Lẹ́tà kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà gbà á lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Bàbá mi ní Hemi ni. Títí tó fi kú, ohun tó sọ nìyẹn." Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Inú sì ń bí mi síbẹ̀. Méjèèjì jókòó pọ̀ nínú mi, kò sí èyí tó dìde fún ìkejì.

Ẹnì kan á tún ní, ṣebí ẹ bá ti dákẹ́, kẹ́ ẹ bá a tà á ní Hemi, kówó pọ̀, kí tiyín náà pọ̀? Ẹ gbọ́, ẹni tó bá fẹ́ san owó ilé sórí mọ́tò á wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ìwé. Lẹ́tà náà wà níta, ọmọdé lè kà á. Ká tiẹ̀ ní kò sẹ́ni tó máa wò ó, èmi ti wò ó.

Ó fi mọ́tò náà sílẹ̀ lọ́wọ́ wa. Èmi ni mo kọ ìkéde rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́: 383 ni wọ́n bí i pẹ̀lú, wọ́n gbé Hemi sí i lẹ́yìn. Obìnrin kan rà á, ó ní òun ò ra mọ́tò àfihàn, òun fẹ́ máa wà á ni, òun á gbé e jáde lójú Woodward, òpópónà ńlá Detroit, lóṣù August nígbà tí àwọn mọ́tò àtijọ́ bá tò síbẹ̀. Owó Hemi kọ́ ló san, owó gidi sì ni. Nígbà tí ọkùnrin yẹn wá fọwọ́ síwèé, ọ̀gá mi ló kí.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń bi mí nípa Mustang ti 1965, mo ti rí ìbéèrè yín, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ó dàbọ̀ o.