Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí Fílémónì àti ẹni tó ń sìn wá nínú ilé

Ẹ̀yin òǹwòran wa, a kí yín káàbọ̀. Ìwé kan wà nínú Májẹ̀mú Tuntun tí gbogbo ẹsẹ rẹ̀ kò ju 25 lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì máa ń ṣí kọjá nígbà tí a bá kúrò nínú Títù tí a ń wá Hébérù. Ìwé náà ni lẹ́tà tí àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì. Kò ṣàlàyé àjíǹde òkú, kò to ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lẹ́sẹẹsẹ, kò sì dá sí àríyànjiyàn lórí ìkọlà tàbí òfin Mósè. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kan àti ẹrú rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, nítorí pé àwọn méjèèjì ti di onígbàgbọ́, ó sì di dandan kí wọ́n mọ bí wọn yóò ṣe máa bá ara wọn gbé. Lójú tèmi, kò sí ìwé mìíràn nínú Bíbélì tó mú ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kúrò nínú ìsìn ọjọ́ Àìkú, tó sì mú un wọ inú ilé lọ tààrà, bí èyí ti ṣe.

Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ tó wà níwájú yín yìí. Ìlú Kólósè wà ní àfonífojì odò Lycus, ní apá ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, kò sì jìnnà sí Laodikíà àti Hirapólì. Ibẹ̀ ni a gbà pé Fílémónì ń gbé. Ilé rẹ̀ tóbi tó láti gba ìjọ tó ń péjọ síbẹ̀, ó sì ní ẹrú kan tó ń jẹ́ Onésímù, tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kò sọ ní gbangba pé ńṣe ni Onésímù sá lọ. Ohun tó kọ ni pé ó ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi kún un pé bí ó bá ṣẹ̀ ẹ́, tàbí bí ó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí ó kà á sí òun Pọ́ọ̀lù lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé ó sá ni. Àwọn mìíràn rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ wá Pọ́ọ̀lù lọ kí ó lè bá òun bẹ ọ̀gá òun. Èyí ó wù kó jẹ́, inú àtìmọ́lé ló ti bá Pọ́ọ̀lù pàdé, bóyá ní Róòmù gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ìjọ ti máa ń sọ, bóyá ní Éfésù tó súnmọ́ Kólósè jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàrin nǹkan bí ọdún 55 sí 62 lẹ́yìn ìbí Kristi. Ibẹ̀ ni Onésímù ti gba Kristi gbọ́, ibẹ̀ náà ni Pọ́ọ̀lù ti sọ pé òun bí i bí ọmọ nínú ẹ̀wọ̀n òun.

Kí a má ṣe fi ojú kékeré wo ewu tó wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin Róòmù, ohun ìní ni ẹrú jẹ́. Bí ẹrú tó sá bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ padà, ọ̀gá lè nà án bó ṣe wù ú, ó lè fi irin gbígbóná sàmì sí i níwájú orí, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ẹni tó bá gbé irú ẹrú bẹ́ẹ̀ pamọ́ pàápàá ti rú òfin. Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti ní kí Onésímù padà sílé pẹ̀lú lẹ́tà kan lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí Pọ́ọ̀lù gbà kọ lẹ́tà náà ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ó kọ́kọ́ sọ pé òun ní ìgboyà tó láti pàṣẹ ohun tó tọ́ fún Fílémónì, ṣùgbọ́n nítorí ìfẹ́, òun yóò kúkú bẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà ni, ẹlẹ́wọ̀n sì ni nítorí Kristi, síbẹ̀ ó yàn láti bẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ẹ̀bẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bòókẹ́lẹ́ láàrin àgbà méjì, nítorí pé lẹ́tà náà kò kí Fílémónì nìkan. Ó kí arábìnrin Àfíà, ó kí Àkípù, ó sì kí ìjọ tó ń pàdé nínú ilé náà. Gbogbo àwọn tó ń jọ jẹun Olúwa pẹ̀lú Fílémónì ni yóò gbọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn yóò sì máa wo ohun tí yóò ṣe. Ọgbọ́n àgbà ni. Ẹ̀bẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ ó ní ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tó ń fẹ́. Ó ní kí Fílémónì gba Onésímù padà, kì í ṣe bí ẹrú mọ́, bí kò ṣe ẹni tó ju ẹrú lọ, arákùnrin olùfẹ́, nípa ti ara àti nínú Olúwa. Ọ̀rọ̀ náà “nípa ti ara” ṣe pàtàkì gan-an. Ká ní “nínú Olúwa” nìkan ni Pọ́ọ̀lù kọ ni, Fílémónì ì bá máa pe Onésímù ní arákùnrin nígbà ìsìn, kó sì máa pè é ní ẹrú láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Pọ́ọ̀lù dí ọ̀nà yẹn pa. Ibi iṣẹ́, ìdí oúnjẹ, ibi tí a ń sùn àti bí a ṣe ń báni sọ̀rọ̀ ló kó pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ó tún ní kí Fílémónì gba Onésímù bí ẹni pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló wọlé. A mọ bí a ṣe ń gba ìránṣẹ́ Ọlọ́run lálejò: yàrá tó dára, omi ìwẹ̀, oúnjẹ tó gbóná, ìjókòó níbi tó lọ́lá. Gbogbo èyí ni ó ní kí wọ́n ṣe fún ẹni tó jẹ́ pé òun ni ì bá máa gbé oúnjẹ náà wá.

Ti owó wá kù. Bí Onésímù bá jẹ gbèsè, Pọ́ọ̀lù ní kí Fílémónì kà á sí òun lọ́rùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san án. Nípa báyìí, ó di onídùúró fún ẹni tí kò lè san ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni òun fúnra rẹ̀. Kò sọ fún Fílémónì pé níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ onígbàgbọ́, kí ó gbàgbé ohun tó sọ nù. Ó gbà pé bí ẹnì kan bá pàdánù, ó ti pàdánù nìyẹn, àti pé ìlàjà tí ẹnikẹ́ni kò náwó sí sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àmọ́ ó rọra fi kún un pé òun kò ní sọ pé Fílémónì jẹ òun ní gbèsè ara rẹ̀, ìyẹn ni pé ipasẹ̀ òun ni ó fi di onígbàgbọ́. Bàbá náà mọ ọ̀rọ̀ sọ: ó ní òun kò ní sọ ọ́, ó sì ti sọ ọ́ tán.

Onésímù kò dá nìkan rìn. Ìwé tí a kọ sí àwọn ará Kólósè, ní orí kẹrin, sọ pé Tíkíkù, alábàáṣiṣẹ́ Pọ́ọ̀lù, ni a rán wá, àti pé Onésímù, arákùnrin olóòótọ́ tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ń bá a bọ̀. Ìwé kan náà ni ó sọ fún àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n máa fi ohun tó tọ́ àti ohun tó dọ́gba fún àwọn ẹrú wọn, nítorí pé àwọn náà ní Ọ̀gá kan ní ọ̀run. Ẹ fojú inú wo ọjọ́ tí wọ́n ka àwọn lẹ́tà náà sókè níwájú ìjọ, tí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró síbẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ náà sì jókòó.

Òótọ́ ni pé Pọ́ọ̀lù kò kọ ọ́ ní gbangba pé kí Fílémónì dá Onésímù sílẹ̀ lómìnira; ohun tó sọ ni pé òun mọ̀ pé yóò ṣe ju ohun tí òun sọ lọ. Àlàfo yìí ni àwọn ènìyàn kan gbà wọlé nígbà tó yá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó ní ẹrú fi lẹ́tà yìí ṣe àwáwí pé ó tọ́ láti dá ẹrú tó sá padà fún olówó rẹ̀. Ní ọdún 1833, ní ìpínlẹ̀ Georgia, oníwàásù kan tó ń jẹ́ Charles Colcock Jones fi lẹ́tà náà wàásù fún àwọn ẹrú, ó sì ń tẹnu mọ́ ìgbọràn. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé bí ìdajì àwọn tó ń gbọ́ ọ ṣe dìde, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Èmi rò pé àwọn tó dìde yẹn lóye Pọ́ọ̀lù ju oníwàásù náà lọ. Ọ̀gá ni Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí. Ẹni tó bá wá gbé e ka ẹrú létí láti fi mú un sìn ti ka lẹ́tà oníyẹn fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà Yorùbá ti sọ ọ́ pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí ni Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Ọ̀ṣoogùn ní ọdún 1821. Ó tó ọdún 25 kí òun àti Àfàlà, ìyá rẹ̀, tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Ó ti di àlùfáà nígbà náà, ìyá rẹ̀ sì ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1848. Ènìyàn yóò rò pé nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò ní sí ọmọ ìjọ tí yóò ní ẹrú. Wọ́n ní in. Wọ́n ní ìwọ̀fà pẹ̀lú, èyí tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe fún olówó rẹ̀ kò dín gbèsè kù rárá, tó jẹ́ pé èlé nìkan ló ń dúró fún, títí a ó fi san ojúlówó owó náà. Nígbà tí James Johnson, àlùfáà tí a bí ní Sàró fún òbí tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, wá ṣe alábòójútó ìjọ ní Abẹ́òkúta láàrin ọdún 1877 sí 1880, ó tẹnu mọ́ ọn pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ yé ní ẹrú. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ìjọ àti àwọn oníṣòwò ńlá bínú sí i gidigidi, wọ́n sì mú un kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1880. Àwọn tó bínú yìí kì í ṣe abọ̀rìṣà. Ọmọ ìjọ ni wọ́n, wọ́n ń kọ orin, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n sì ń dá owó ìjọ. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí ìwàásù dé ìdí iṣẹ́ àti ọrọ̀ wọn.

Lónìí, òfin ti fòpin sí òwò ẹrú, ọmọ ọ̀dọ̀ kì í sì í ṣe ẹrú. Síbẹ̀, nínú ilé onígbàgbọ́ mélòó kan ní Èkó àti ní Ìbàdàn, a ṣì ń rí ọmọdébìnrin tó máa ń jí ṣáájú gbogbo ènìyàn, tó ń sùn kẹ́yìn wọn, tí abọ́ rẹ̀ yàtọ̀, tí owó oṣù rẹ̀ ń lọ sọ́wọ́ alágbàtà tó mú un wá, tó sì jẹ́ pé ọmọ ọ̀gá ló ń gbé pọ̀n lẹ́yìn ìjọ nígbà tí ìwàásù lórí ìfẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì ka gbígbà irú wọn síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lóde ilé tàbí agbo ẹbí wọn léèwọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti sọ òfin náà di tirẹ̀ ní ọdún 2007. Àwọn kan yóò sọ pé ìrànlọ́wọ́ ni àwọn ń ṣe, pé ebi ì bá pa ọmọ náà ní abúlé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni, ẹ fi í sí ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ti àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ fún wa kò ṣòro ṣàlàyé: Jákọ́bù kọ ọ́ ní orí karùn-ún pé owó iṣẹ́ tí a kò san fún àwọn alágbàṣe ń ké, igbe wọn sì ti dé etí Olúwa. Ẹni tó bá jẹ dírẹ́bà rẹ̀ lówó oṣù méjì, tó wá san ẹ̀jẹ́ ní ìjọ, owó ẹlòmíràn ló fi san án. Bákan náà ni ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ti pé ọdún tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí, tó ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ kí ó má baà ṣe fírídọ̀mù fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù ni ìgbà tí owó bá sọ nù nínú ilé, nítorí pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni gbogbo ojú yóò kọ́kọ́ yí sí. Pọ́ọ̀lù kò sọ pé Onésímù kò jalè, kò sì sọ pé ó jalè. “Bí ó bá” ni ó lò. Onígbàgbọ́ tó fẹ́ tẹ̀ lé e yóò kọ́kọ́ béèrè, yóò wádìí, kò ní pe ènìyàn ní olè níwájú àwọn ọmọ, kò sì ní gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé òótọ́ ni, ó yẹ kí ẹnì kan wà nínú ìjọ tó lè dúró bí onídùúró fún ẹni tó ṣẹ̀ náà, kí ó má ṣe jẹ́ pé àgbà tó wà níta ilé kò sí rárá tí yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Nítorí èyí ni mo fi ka ẹsẹ 22 sí pàtàkì, bó tilẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ìdágbére lásán. Pọ́ọ̀lù ní kí Fílémónì pèsè ibùwọ̀ sílẹ̀ de òun, nítorí pé òun ní ìrètí láti wá. Yóò fojú ara rẹ̀ rí ibi tí Onésímù ń sùn. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin alàgbà tó ń ṣe ìbẹ̀wò sí ilé àwọn ọmọ ìjọ, nígbà tí ẹ bá jẹun tán, tí ẹ sì gbàdúrà fún bàálé, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó gbé oúnjẹ náà wá, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.