Bí Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ Ṣe Lè Ríná Lò Nínú Òtútù àti Ìjì

Ẹyẹ kan wà lórí òkè Cairngorm ní ilẹ̀ Scotland tí wọ́n ń pè ní ptarmigan. Ó fara jọ àparò. Tí òtútù bá dé, ìyẹ́ rẹ̀ á funfun báláú, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí yìnyín mọ́. Etí ló sàn ká fi wá irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárọ̀ kùtù ìgbà ìrúwé, tí akọ rẹ̀ máa ń ké. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ la máa ń gbé síbẹ̀ kó bá wa tẹ́tí.

Ṣùgbọ́n òkè yẹn le. Ní 20 oṣù kẹta ọdún 1986, ìjì kan fẹ́ lórí rẹ̀, ó sáré tó máìlì 173 ní wákàtí kan. Báwo lẹ̀rọ kékeré ṣe máa ríná lò níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú AudioMoth, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan. Bátìrì AA mẹ́ta ló ń lò, irú èyí tí à ń kì sínú rìmóòtù. Tó bá jẹ́ alkaline ni, ìyẹn irú tó wọ́pọ̀ lọ́jà, omi kẹ́míkà ló wà nínú rẹ̀, tí òtútù bá sì ti mú omi yẹn, iná ò ní yára jáde mọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ́ lásán, kò tíì sí wàhálà. Ìgbà tó bá fẹ́ kọ ohùn sórí mẹ́mọ́rì káàdì ló máa fa iná gidi. Bátìrì tó ti tutù ò lè gbé e, agbára rẹ̀ á já wálẹ̀, ẹ̀rọ á sì gbà pé ó ti tán, á kú. Ẹ gbé bátìrì kan náà wọlé, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá fi mítà wọ̀n ọ́n. Iná ṣì wà níbẹ̀!

Èmi ò ní gbé alkaline gun òkè yẹn láéláé. Bátìrì AA oní-lithium ni kí ẹ rà, èyí tí a kì í ṣáájì. Ó lè ṣiṣẹ́ dé -40 Celsius, bíi gíráàmù 15 ni ẹyọ kan, nígbà tí alkaline jẹ́ bíi 23. Òótọ́ ni pé ó wọ́n, àmọ́ ẹ̀rọ tó kú sórí òkè ní ọjọ́ kejì wọ́n jù ú lọ.

Ó wá ku atẹ́gùn. Àwọn kan rò pé ó máa mú bátìrì tutù ju ojú ọjọ́ lọ. Rárá o. Ó kàn lè jẹ́ kó tètè tutù dé ibi tí ojú ọjọ́ wà ni. Ibi tó ti ń jẹ iná ni máìkì. Tí ẹ bá ṣètò ẹ̀rọ pé ohùn tó bá le nìkan ni kó máa kọ sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìjì bá hó hùùhùù ló máa kọ ọ́, tòru-tọ̀sán. Káàdì á kún, bátìrì á tán, ẹ ò sì ní bá ẹyẹ kankan níbẹ̀. Ariwo atẹ́gùn pọ̀ jù lọ nínú ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn ohùn tó ń dún bíi ti ìlù ńlá, nítorí náà ẹ tan asẹ́ ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ, kó yọ ohùn ìsàlẹ̀ kúrò, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ohùn ẹyẹ yín wà, kí ẹ má baà gé e mọ́ ọn. Ẹ fi fóòmù bo máìkì. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn àpáta, ẹ má gbé e kọ́ orí òpó gíga, torí bí òpó bá ń mì, bátìrì lè ṣí kúrò lára irin tó dì í mú, iná á sì já.

Sólà ńkọ́? Ní àárín oṣù kejìlá, ojúmọmọ ibẹ̀ ò pé wákàtí 7, yìnyín á tún bo páńẹ́lì. Bẹ́ẹ̀ bátìrì lithium tí à ń ṣáájì, irú ti fóònù, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣáájì rẹ̀ tí òtútù bá ti kọjá 0 Celsius wálẹ̀. Inú rẹ̀ á bàjẹ́.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ kó ẹ̀rọ yín sínú fíríìsà ilé pẹ̀lú bátìrì tí ẹ fẹ́ lò gan-an. Bíi -18 Celsius ni fíríìsà máa ń wà. Ẹ jẹ́ kó máa gbohùn sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ dì í pa títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí omi má baà sẹ̀ sí i lára, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣí i, kí ẹ wo wákàtí tí fáìlì tó gbẹ̀yìn wọlé, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ti kú kí ẹ tó yọ ọ́.