Àti Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́

Bíbélì kíkà: Kíróníkà Kìn-ín-ní 25:1–8

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará mi. A jíire bí?

Nígbà tí ìròyìn bá wọlé láti yunifásítì pé ọmọ ìjọ wa gboyè nínú ẹ̀kọ́ orin, a ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ẹnìkan á sì rọra bi ìyá rẹ̀ pé, “Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀ ṣá?” Bó bá jẹ́ dókítà ni, ijó ìyẹn á dé ojú títì. Èmi ò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárín àwa tí a kì í sìnkú, tí a kì í gbéyàwó, tí a kì í kórè láìsí orin.

Dáfídì ò fọwọ́ kékeré mú un. Ó ya àwọn ọmọ Ásáfù, Hémánì àti Jédútúnì sọ́tọ̀ fún orin. Àwọn 288 tí wọ́n mọ̀ ọ́n dunjú ni a pín sí ọ̀nà 24, ẹni 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀mí ń bẹ lára wọn, wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú dùrù, síbẹ̀ wọ́n jókòó kọ́ṣẹ́. Hémánì nìkan bí ọmọkùnrin 14 àti ọmọbìnrin 3, abẹ́ ọwọ́ baba wọn ni gbogbo wọn sì ti ń kọrin. (Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi gìtá ọmọ pamọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ẹsẹ kẹfà kà.)

Ẹsẹ kẹjọ ló mú mi lọ́kàn jù. Nígbà tí wọ́n ń ṣẹ́ kèké láti pín iṣẹ́, bí wọ́n ti ṣe fún ẹni ńlá ni wọ́n ṣe fún ẹni kékeré. Bó ti rí fún olùkọ́ ló rí fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ tó gboyè, bí o bá dé Kàbbà tàbí Ìsánlú, tí o bá bàbá tó kọ́kọ́ fi dò-ré-mí yé ọ, dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ọ̀gá akọrin náà, bí ọmọ bá kó ohun tuntun dé, ẹ fún un ní Ọjọ́ Ìsinmi kan kó darí wa. Fẹlá Ṣówándé, gbajúmọ̀ atẹdùrù àti olùkọ̀wé orin tí wọ́n bí ní 1905, abẹ́ T.K.E. Phillips, ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà Èkó, ló ti kọ́kọ́ kọ́ dùrù, kó tó di olùkọ́ ní yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà. Dùrù òyìnbó ló ń tẹ̀, ohùn orin ilẹ̀ wa ló ń gbé sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ lórí gbogbo ọmọ wa tó yege níbi ẹ̀kọ́ orin, àti lórí àwọn tó kọ́ wọn.

Ẹni tó ń múra ìdánwò àṣekágbá, tí ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lórí dùrù, fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ẹni tí owó ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ dá dúró, rán olùrànlọ́wọ́ sí i kí sáà yìí tó parí.

Ẹni tó ti gboyè tí kò tíì ríṣẹ́, ṣílẹ̀kùn fún un. Má jẹ́ kí ẹlẹ́gàn rí i bú.

Gbogbo ọmọ tó ń ti ilé padà sílé-ẹ̀kọ́ lónìí, gbà wọ́n lọ́wọ́ ajínigbé àti ìjàǹbá ọkọ̀. Mú wọn gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ní orúkọ Jésù. Àmín.