Iṣẹ́ Tí A Ṣe àti Ẹni Tó Ṣe É: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìròyìn Ẹgbẹ́ Ìrànwọ́

Ẹ̀yin ààrẹ, ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ kò di ipò kankan mú, mo kí gbogbo yín. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni bí ẹgbẹ́ ìrànwọ́ ṣe ń ròyìn ara rẹ̀: iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ṣe lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àti bí nǹkan ṣe ń lọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ tèmi. Ohun tí mo rí nídìí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ àti ènìyàn kò ṣeé yà nípá. Ẹgbẹ́ tó ń pariwo iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn láàárín ara rẹ̀, ọwọ́ tí ì bá fi ṣe iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ló ń gé dànù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1896, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Paul Harris kó wá sí Chicago ní Amẹ́ríkà. Ìlú ńlá ni, èrò pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rẹ́ tó lè yà kí. Ó ń fara dà á bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1905, nígbà tí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn jókòó pọ̀ nínú ọ́fíìsì ọ̀kan lára wọn: Gustavus Loehr tó jẹ́ ẹnjiníà ìwakùsà, Silvester Schiele tó ń ta èédú, àti Hiram Shorey tó ń ránṣọ. Wọ́n ní àwọn yóò máa pàdé níbi iṣẹ́ ara wọn ní ìyípoyípo. Ibi yíyípo yìí ni orúkọ Rotary, ẹgbẹ́ ìrànwọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti wá; ohun tó ń yípo ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò sọ pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn kankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n bá wá. Ọdún 1907 ni wọ́n tó dáwọ́ lé iṣẹ́ ìlú àkọ́kọ́, ìyẹn akitiyan pé kí Chicago ní ilé ìyàgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn lè lò. Nítorí náà, bí akọ̀wé kan bá sọ fún mi pé ìròyìn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ àfikún lásán, ohun tí a fi ń dí àlàfo ojú ìwé, èsì mi ni pé gbòǹgbò ló ń pè ní ewé.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa tí n kò lè gbàgbé. Ọmọ ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ìpàdé. Òun ní í to àga, òun náà ní í kó wọn pọ̀ nígbà tí a bá parí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wá di pé oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi yọjú. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kọ ọ́ pé kò wá, kò sì tọrọ ààyè. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn kan náà, àwòrán mọ́kànlá ni ìwé ìròyìn wa gbé jáde nípa àbẹ̀wò àwọn àgbà ẹgbẹ́ láti òkè. Ìgbà tí ẹnì kan ṣèèṣì pàdé rẹ̀ lọ́nà la tó gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí àìsàn, òun nìkan ló sì ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwa tí à ń gbé ohun èlò lọ sí ilé ìwòsàn fún àwọn tí a kò mọ̀ rí! Ọwọ́ mi ni bírò wà. Mo kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, n kò sì béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Láti ìgbà náà, kí n tó kọ ohunkóhun nípa iṣẹ́, ìwé orúkọ ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí. Ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, mo máa ń pè é. Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo bá gbọ́ ni mo ń kọ o. Àìsàn ènìyàn, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìjà inú ilé rẹ̀, tirẹ̀ ni gbogbo wọn. Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bó bá ní rárá, ẹ fẹsẹ̀ lọ kí i, ẹ má kọ nǹkan kan. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá sì kú, ẹ má kan to ipò tó dì mú sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ sọ ohun tó máa ń ṣe. Ẹni tó fi ọkọ̀ rẹ̀ kó àwọn arúgbó lọ ṣàyẹ̀wò ojú fún ọdún méjìlá lè má jẹ ààrẹ rí láyé rẹ̀.

Ìlà kan tún wà tí a máa ń kọ bíi pé kò já mọ́ nǹkan: "A gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun." Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ Rotary kan ní Duarte, ní California, gba obìnrin mẹ́ta wọlé. Ọkùnrin nìkan ni òfin Rotary fàyè gbà nígbà náà, àwọn aláṣẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ náà padà. Duarte kò gbà. Ẹjọ́ náà lọ títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, èyí tó dájọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1987 pé Rotary kò lè ti obìnrin síta. Ọdún yẹn gan-an ni Sylvia Whitlock jẹ ààrẹ ní Duarte, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ Rotary. Ní 1989, Rotary yí òfin náà padà fún gbogbo ayé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹnì kan wọlé, ẹ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, àti ìdí tó fi wá. Ẹ ò mọ ohun tí ìlà yẹn máa bí.

Ó kan iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí a fa nǹkan lé ènìyàn lọ́wọ́ ni a fẹ́ràn láti kọ nípa rẹ̀: ta ló gé ríbọ́ọ̀nù, ta ló bá a dúró, ta ló dúpẹ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Bí ẹ bá fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní awò ojú, mélòó ló ṣì ń lò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Kànga tí ẹ gbẹ́, ta ni yóò tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe nígbà tó bá bàjẹ́? Bí ó bá ti bàjẹ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó nira, nítorí àwọn olówó tó ń ràn wá lọ́wọ́ ń ka ìwé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu yín lẹ́ẹ̀kan yóò gbà yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá ní ó yọrí sí rere.

Ẹ wo ti àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Ní 1979, Rotary bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún márùn-ún ní Philippines láti fún nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ọmọdé ní oògùn àjẹsára. Ní 1985, wọ́n gbé e dé gbogbo ayé. Ní 1988, tí àjọ ìlera àgbáyé àti àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn, ìṣirò fi hàn pé ó ju 350,000 ènìyàn tí àrùn náà ń sọ di arọ lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 125. Iye yẹn ti fi ohun tó ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé kòkòrò àrùn náà, irú rẹ̀ tó wà látilẹ̀wá, kò sí ní Áfíríkà mọ́. Ohun tó jẹ́ ká lè sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn kan ń ka ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń padà lọ sílé tí wọ́n ti dé tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń kọ ilé tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ni.

Ẹ má tijú iye tó kéré. Nígbà tí Arch Klumph, ààrẹ Rotary nígbà náà, dábàá ní 1917 pé kí Rotary dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ rere, ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Kansas City, jẹ́ dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 50. A mọ iye náà títí di òní nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ohun kan kù lórí àwòrán. N kò fara mọ́ kí a máa to àwọn tí a ràn lọ́wọ́ sí iwájú asia ẹgbẹ́, kí wọ́n di ẹrù wọn mú, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Helen Keller, tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, lọ sí àpéjọ ẹgbẹ́ Lions, tí òun náà jẹ́ ẹgbẹ́ ìrànwọ́ bíi Rotary, ní Cedar Point, Ohio, ní Amẹ́ríkà, ní 1925, kò wá gba ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ló wá gbé fún wọn: ó ní kí wọ́n di akọni tí yóò gbógun ti òkùnkùn fún àwọn afọ́jú. Títí di òní ni Lions ń ṣiṣẹ́ lórí ojú. Ẹni tí ẹ ràn lọ́wọ́ ní ẹnu. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan padà wá. Kó tó wá, a ti ń pín ọjọ́ láàárín ara wa, tí ẹnì kan ń bá a jókòó ti ìyàwó rẹ̀ kó lè sùn díẹ̀. Mo bi í bóyá kí n kọ nǹkan kan sínú ìwé ìròyìn. Ó ní ká fi ọ̀rọ̀ àìsàn sílẹ̀. Nígbà tí ìwé jáde lóṣù náà, ìròyìn iṣẹ́ gba ojú ìwé mẹ́ta. Lábẹ́ ìròyìn àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìlà kan ni mo kọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i: "Ẹni tó ń bá wa to àga ti dé."