Ojú Ọmọ, Ẹnu Àgbà: Ìfẹ́ Ọ̀dọ́langba Nínú Ìwé Ìtàn Àròsọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama sọ ní Abẹ́òkúta ni mo tún kọ síbí fún àwọn tí kò sí ní ìjókòó. Mo ti yọ ìkíni àti ìjúbà kúrò, mo sì fi ìdáhùn sí ìbéèrè kan kún un ní ìparí.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn ọmọbìnrin arẹwà tí ó kọ gbogbo ọkọ tí bàbá rẹ̀ fi hàn án, tí ó wá rí ọkùnrin kan nínú ọjà, tí ó sì tẹ̀ lé e láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ti ń rìn lọ nínú igbó ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n. Ó dá ẹsẹ̀ padà, ó dá apá padà, ó bọ́ awọ ara lélẹ̀, títí tí ó fi ku agbárí nìkan tí ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀. Nínú àlọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti máa ń yíjú sí àwọn ọmọbìnrin tó jókòó, tí yóò sì sọ ohun tí ìtàn náà kọ́ wọn.

Amos Tutuola, ẹni tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí ní ọdún 1920, mú àlọ́ yìí wọ inú ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní ọdún 1952. Ó fi ohun kan kún un tí èmi kò gbọ́ lẹ́nu apàlọ́ rí. Asọ̀tàn inú ìwé náà, ẹni tí wọ́n bẹ̀ pé kí ó lọ gba ọmọbìnrin náà sílẹ̀, kọ́kọ́ lọ sí ọjà láti fi ojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin yìí. Nígbà tí ó rí i, ó sá lọ sí kọ̀rọ̀ kan nínú ọjà, ó sì sunkún, nítorí kí ló dé tí Ẹlẹ́dàá kò dá òun náà ní arẹwà báyẹn. Ó ní òun kò lè dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Ó ní bí àwọn ajubọ́ǹbù bá rí ọkùnrin náà nínú ìlú tí wọ́n fẹ́ bà jẹ́, wọn kò ní ju bọ́ǹbù síbẹ̀. (Tutuola ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù yẹn ti bá a wálé.) Lẹ́yìn tí ó sunkún tán ni ó tó rántí pé agbárí lásán ni ẹni tí òun ń wò.

Ìwé náà kì í ṣe ìtàn bí ọmọ ṣe dàgbà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn nínú ọjà ni ìpìlẹ̀ ohun tí mo wá sọ. Nínú ìtàn àròsọ tó bá dá lórí ìbàlágà, ènìyàn méjì ló máa ń wà nínú ẹnu kan. Ojú tí ó rí ìfẹ́ nígbà náà, ojú ọmọ ni. Ẹnu tí ó ń ròyìn rẹ̀ fún wa, ẹnu àgbà ni. Bí ẹnu àgbà bá bo ojú ọmọ mọ́lẹ̀, ìwàásù ni a ń kà, bó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ ni ẹni tí ó jẹ́ kí a kọ́kọ́ sunkún nínú ọjà kí agbárí tó yọ. Bí a bá sì fi ojú ọmọ wò dáadáa, a ó rí i pé olólùfẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń rí. Ilé tí ó ti jáde wá ni ó ń rí, fún ìgbà àkọ́kọ́, láti ìta.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn irú ìwé yìí láti ilẹ̀ Jámánì, láti ọ̀dọ̀ Goethe, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wilhelm Meister jáde láàárín ọdún 1795 sí 1796. N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a mú kúrò níbẹ̀ ni pé ọmọkùnrin ni ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi irú ìtàn yìí ṣe, ọmọkùnrin tí ó lè kúrò nílé bàbá rẹ̀, kí ó rìn, kí ó fẹ́ràn ẹni tó wù ú, kí ó ṣìnà, kí ó sì padà di ẹni iyì. Ẹ jẹ́ kí a máa fi ìyẹn sọ́kàn bí a ti ń bọ̀ wálé.

Àwọn baba wa náà ní ọ̀nà tiwọn láti fi ohùn fún ọmọ tí ń di àgbà. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọge tí ń lọ ilé ọkọ máa ń sun ẹkún ìyàwó. Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, yóò tọrọ ìwúre, yóò dágbére fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì sọ ẹ̀rù tí ń bà á nípa orogún àti ìyá ọkọ. Èmi kò mọ ewì tí ó kọjá ẹkún ìyàwó nínú sísọ bí ó ti ń dun ènìyàn láti fi ìgbà èwe sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún, lójú òbí àti ará àdúgbò, kò sì sí ibi tí a ti lè gbọ́ nínú rẹ̀ bí ara ọmọ náà ti rí nígbà tí ọmọkùnrin kan kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ lọ́nà odò. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, bí wọ́n bá bá a nílé, wọn a fi páálí ìṣáná tó kún tàbí agbè ẹmu tó kún ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Bí agbè náà kò bá kún, gbogbo ilé ti mọ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìdájọ́, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìtàn. Àlàfo yẹn ni ìwé ìtàn àròsọ wá dí.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní èdè Yorùbá ni Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí ó ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 1929, kí ó tó di odindi ìwé ní ọdún 1930. Lẹ́tà ni ó fi gbogbo rẹ̀ ṣe, lẹ́tà obìnrin arúgbó kan tó ń ṣàìsàn, tí ó ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ sí olóòtú létí, tí ó ń sunkún, tí ó ń kọ orin ìsìn, tí ó sì ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má ṣe bí òun ti ṣe. Àwọn òǹkàwé kan tilẹ̀ gbà pé ẹni gidi ni. Níbi tí Ṣẹ̀gilọlá bá ti gbàgbé ara rẹ̀, tí ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó àti ariwo ayẹyẹ ìgbà náà, ojú ọmọge ni a fi ń wò, ó sì dùn mọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rántí àìsàn rẹ̀, ẹnu arúgbó a gba gbogbo ojú ìwé. Mo fẹ́ràn ìwé náà gan-an, síbẹ̀ mo gbà pé agbárí ni ó ti ń fi hàn wá láti òwúrọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí pé kí n dárúkọ Ó Le Kú, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974, tí Túndé Kèlání, ẹni tó dàgbà ní Abẹ́òkúta níbí, sì sọ di sinimá ní ọdún 1997. Ìfẹ́ ló kún inú rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Àjàní ti wọ yunifásítì nígbà tí a bá a pàdé, ó ń yàn láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, ojú rẹ̀ ni a sì fi ń wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàwó ni ó ń wá. Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí ti ṣẹlẹ̀ sí i kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Ti Aké náà, tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní ọdún 1981, ìwé ìrántí ìgbà èwe ni, kì í ṣe àròsọ, ó sì parí nígbà tí ọmọ náà tó bí ọdún 11, tí ó ń múra àtilọ sí Government College ní Ìbàdàn. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ibi tí a fẹ́ wọ̀.

Buchi Emecheta kò dúró sí ẹnu ọ̀nà. Nínú The Bride Price, tí ó jáde ní ọdún 1976, Aku-nna jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Èkó, tí ìyá rẹ̀ sì kó òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin padà sí Ibuza, ìlú wọn ní ilẹ̀ Igbo, níbi tí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, Okonkwo, ti ṣú ìyá wọn lópó. Chike, olùkọ́ rẹ̀, ni Aku-nna fẹ́ràn, ìdílé àwọn tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí ni Chike sì ti wá, nítorí náà kò sí ọmọlúàbí ìlú kan tí yóò fún un ní ọmọ. Ẹ wo ohun tí Emecheta fi hàn wá kí ó tó dé orí òfin ìlú. Nígbà tí Aku-nna kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, ó fi pa mọ́ fún gbogbo ilé, nítorí ó mọ̀ pé ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó ń wá ìyàwó wọlé. Chike nìkan ni ó mọ̀. Ohun tí wọn ìbá fi agbo àwọn obìnrin yọ̀ lé lórí di àṣírí láàárín ọmọdébìnrin kan àti olùkọ́ rẹ̀. Ara ọmọ yìí kò tíì jẹ́ tirẹ̀ rí títí di ọjọ́ tí ó fi í pa mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni ó wá mọ̀ pé owó orí òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá òun ń kà.

Nígbà tí wọ́n jí i gbé láti fi ṣe ìyàwó fún ẹlòmíràn, irọ́ ni ó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀: ó sọ fún ọkùnrin náà pé Chike ti bá òun sùn. Kò sí ibi tí àgbà ti dé bá ọmọ nínú ìwé yẹn ju ibẹ̀ lọ. Ó mú agbè tí kò kún, ó sì fi ṣe apata.

Òótọ́ ni pé Aku-nna kú nígbà ìbímọ, bí àwọn ará ìlú ti gbàgbọ́ pé yóò rí fún ọmọbìnrin tí wọn kò gba owó orí rẹ̀. Àwọn kan ní Emecheta náà ti ṣe ìyá àgbà nìyẹn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Asọ̀tàn sọ ọ́ kedere ní ìparí pé ìtàn Aku-nna di ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin Ibuza láti fi dẹ́rù bà wọ́n. Ìlú ló ń pàlọ́; òǹkọ̀wé ń fi apàlọ́ hàn wá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Purple Hibiscus ti Chimamanda Ngozi Adichie, tí ó jáde ní ọdún 2003. Kambili jẹ́ ọmọ ọdún 15. Nílé bàbá rẹ̀ ní Enugu, àkọsílẹ̀ wà lára ògiri tí ó ń sọ wákàtí ìwé kíkà, wákàtí oorun àti wákàtí àdúrà. Bàbá a máa fún un ní tíì tirẹ̀ pé kí ó mu ẹnu kan níbẹ̀, tíì náà a sì máa jó o láhọ́n. Ó gbàgbọ́ pé bí ó ti ń jó òun ni ìfẹ́ bàbá ń wọ òun lára. Àwa òǹkàwé mọ ohun tí tíì yẹn jẹ́ kí Kambili tó mọ̀ ọ́n, asọ̀tàn kò sì sọ fún wa. Àfi nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Nsukka, nínú ilé kékeré tí ẹ̀rín kún, tí ó pàdé àlùfáà ọ̀dọ́ kan, Father Amadi, ni ó tó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀, tí ó sì dà bí ẹ̀rín àjèjì létí rẹ̀.

Father Amadi mú un lọ dirun ní ìsọ̀ Mama Joe nínú ọjà. Bí obìnrin náà ti ń fi òòyà ya irun rẹ̀, agbọ̀n ìgbín kan wà nílẹ̀, ìgbín kékeré kan nínú rẹ̀ sì ń rápálá jáde. Mama Joe a gbé e padà sínú agbọ̀n; ìgbín a tún jáde. Kambili ń wò ó, ó wù ú pé kí òun ra gbogbo agbọ̀n náà, kí òun sì dá ẹyọ kan yẹn sílẹ̀. Láàárín èyí ni onídìrí sọ fún un pé ọkùnrin tí ó bá mú ọmọbìnrin wá dirun fẹ́ràn rẹ̀. Òǹkọ̀wé mìíràn ìbá dúró lórí gbólóhùn ìfẹ́ yẹn. Adichie jẹ́ kí ojú ọmọ náà wà lára ìgbín. Ilé bàbá rẹ̀ ni Kambili ń wò nínú agbọ̀n yẹn, ìfẹ́ ni ó gbé e dé ibi tí ó ti lè rí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnu àgbà kankan tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ẹ óò ti ṣàkíyèsí pé ìfẹ́ sọ Wilhelm di ẹni iyì, ó sì gbé Aku-nna lọ sí ibojì. Father Amadi lọ sí Jámánì níkẹyìn, Kambili sì padà sí ilé tí ó ti fọ́, ṣùgbọ́n ó yè, ó sì ń sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1976 sí 2003, ìyẹn kì í ṣe ìrìn kékeré fún ọmọbìnrin nínú ìwé ìtàn ilẹ̀ wa.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, olùkọ́ kan béèrè bóyá ó tọ́ kí a fi ìwé tí ọmọ ọdún 15 ti ń fẹ́ràn àlùfáà lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ìbéèrè gidi ni. Olùkọ́ ni Chike, àlùfáà ni Father Amadi, àgbà ni àwọn méjèèjì, ọdún 2003 kan náà tí Purple Hibiscus jáde ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé orílẹ̀-èdè wa sì jáde, tí ó ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ìdáhùn mi ni pé kí ó kà á pẹ̀lú wọn, kí ó mú ojú ìwé ìsọ̀ onídìrí yẹn, kí ó sì béèrè ohun méjì: kí ni Kambili rí, ta sì ni ó yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀ nínú àwọn àgbà tó yí i ká? Kí ó fi odindi kíláàsì kan sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ tẹnu wọn láìsí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́kun. Bí àkókò kò bá tó fún ìkejì, kí ó fún wọn mú relé, nítorí òun ni àwọn òbí náà lè bá wọn dá sí.