Òótọ́ Láti Ẹnu Òpùrọ́

As-salāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh, ẹ̀yin ará wa ní Ẹ̀pẹ́ àti àyíká ẹ̀. Jímọ̀ tún dé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ẹni tó bá dé ọjà ẹja Olúwo á ti rí i: ìyá á máa ha ìpẹ́ ẹja, fóònù á fara ti abọ́ níwájú ẹ̀, fíìmù Yorùbá á máa lọ lórí YouTube. Fíìmù ọ̀hún á máa kìlọ̀ pé kí ọkọ má na ìyàwó, kí ẹbí má jẹ owó ọmọ òrukàn. Kò ní pẹ́, ìròyìn á tàn pé ẹni tó ṣe fíìmù gan-an, lílù ló fi ń kí ìyàwó nílé. Àwọn kan á ní irọ́ ni gbogbo ohun tó ṣe, ká pa á rẹ́. Àwọn mìíràn á ní, “Ẹ fi ọ̀gá sílẹ̀ jàre, ṣé ẹ ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe ni?” Èmi ò bá ìkankan lọ nínú wọn.

Nínú Bukhari, ìwé tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì jọ sí, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi Abu Huraera ṣọ́ oúnjẹ sàká oṣù ààwẹ̀. Lóru, ẹnì kan yọ́ wá, ó ń bu oúnjẹ. Abu Huraera gbá a mú. Olè bẹ̀bẹ̀ pé aláìní lòun, òun lẹ́bí tóun ń bọ́. Àánú ṣe é, ó tú u sílẹ̀. Olè tún padà wá lóru kejì, ó tún bẹ̀bẹ̀, ó tún lọ. Lóru kẹta tí ẹ̀bẹ̀ ò ràn mọ́, olè ní kí Abu Huraera jẹ́ kóun kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́hun á fi ṣe é láǹfààní: kó máa ka Āyatul Kursiyyu (āyà 255 nínú Súrà Bakara) bó bá fẹ́ sùn, ṣàítánì kankan ò ní sún mọ́ ọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní, “Òótọ́ ló sọ fún ọ, bẹ́ẹ̀ òpùrọ́ ni.” Ṣàítánì fúnra ẹ̀ ni!

Títí dòní là ń ka Āyatul Kursiyyu ká tó sùn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nù torí ẹnu tó gbà jáde lóru ọjọ́ náà. Àmọ́ Ànábì ò torí ẹ̀ fọ olè mọ́. Ibi tó ti ní òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ náà ló ti pè é ní òpùrọ́.

(Ẹ má lọ sọ pé mo pe oníṣẹ́ fíìmù ní ṣàítánì o.) Bí ìyẹn bá le jù, ẹ gba ti Umayyah ọmọ Abi Salt, akéwì tí kò gba Ìsìláàmù. Nínú ìwé Muslim, tó jọ ti Bukhari, Ànábì ní kí sàháábé kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀, ké ewì Umayyah fóun. Ó ké ẹsẹ kan, Ànábì ní kó máa bá a lọ, títí ó fi pé ẹsẹ 100.

Fíìmù oníhòòhò ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹn, ẹ pa á, ẹni yòówù kó ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fíìmù náà, Bukhari àti Muslim gbà á wá pé wọ́n á ju ọkùnrin kan sínú iná, ìfun ẹ̀ á tú síta, á máa yí po bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń yí ọlọ. Àwọn ará iná á bi í pé ṣebí ìwọ lò ń pa wá láṣẹ rere? Á ní òun ń pa á láṣẹ, òun ò ṣe é.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Obìnrin á sọ ohun tójú ẹ̀ rí, a ó ní kó bo àṣírí, pé fíìmù ọkọ ẹ̀ ń tún ilé ṣe. Ta ló fún wa láṣẹ ìyẹn? Súrà Nisāi, āyà 148, sọ pé Ọlọ́hun ò fẹ́ kí a máa pariwo ọ̀rọ̀ burúkú, àyàfi ẹni tí wọ́n bá ṣàbòsí sí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èèyàn àti Olúwa ẹ̀ la lè bò; ojú tó wú kì í ṣe ara ẹ̀. Ẹni tó bá mọ obìnrin náà, kó gbà á sílé, kó sì tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ ẹbí tàbí ọlọ́pàá.

Ẹ má gbàgbé Súrà Kahfi lónìí, kẹ́ ẹ sì tètè dé mọ́ṣáláṣí.